Ẹkún Tí Mo Sun fún Ọmú Ọ̀tún Mi

Ẹ̀yin obìnrin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà sí létí, tí ẹ ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ tí ẹ kò mọ ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. N kò wá láti sọ fún yín pé kí ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí mo ṣe rí i, bó ṣe rùn, àti irú ìwà tí àwọn èèyàn hù sí mi. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń kó mi nírìíra títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ìríra mi bá bà yín lẹ́rù díẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù yẹn lè sáré gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Tíṣà ni mí ní Ìlobù. Ìfọ́n ni wọ́n bí mi sí, Ìlobù ni mo ti lọ́kọ. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ ohun tí mò ń wí: ìlú méjì tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n sì ti ń jà lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn baba wa. Bí ayé bá rọ̀, àna ni wá. Bí ẹnì kan bá gbin ẹ̀gẹ́ kọjá ààlà, a di ọ̀tá. Àárín àwọn ọdún 1990 ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà sì tún ti ń gbóná nígbà náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó kàn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, mo fọ aṣọ tán, mò ń wẹ̀. Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bá ń fi ọwọ́ lásán pa ọṣẹ lára. Ìka mi kọ́ nǹkan kan lábẹ́ ọmú ọ̀tún. Ó le, ó kéré bí ẹ̀kùró. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Àìdùn yẹn ló tàn mí jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: pé nǹkan kò dun èèyàn kò sọ pé nǹkan náà dára. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, orí ọmú sì wọnú lọ. Ìgbà náà ni mo tó sọ fún ọkọ mi.

Ọkọ mi, Bàbá Tóyìn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Èèyàn dáadáa ni, bí kò bá ti sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Màmá." Họ́wù! Ọmú tó wà láyà èmi, ìyá rẹ̀ ni yóò lọ bi.

Màmá ń gbé yàrá iwájú nínú ilé wa. Obìnrin tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi débi pé ohùn rẹ̀ ń bo ti dùùrù mọ́lẹ̀ ni, tó bá sì di Mọ́ńdè, á máa gún ewé. Ó fẹ́ràn mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kan kókó náà, ó mi orí, ó ní, "Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Tí abẹ òyìnbó bá kàn án, á bínú." Ọ̀rọ̀ yìí ti pa obìnrin rẹpẹtẹ ládùúgbò wa. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé jẹjẹrẹ jẹ́ àlejò tí wọn kò fẹ́ múnú bí.

Ó bá po nǹkan. Ewé wà nínú rẹ̀, èédú wà nínú rẹ̀, òróòro ẹran wà nínú rẹ̀, àwọn ohun mìíràn sì wà níbẹ̀ tí mo béèrè tí ó ní kí n má béèrè. Ó kùn ún sí mi lọ́mú, ó fi àkísà wé e, ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi omi kàn án. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo rùn. Èmi tí mo máa ń pa lọ́fínńdà sára kí n tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, eṣinṣin ń tẹ̀ lé mi wọ kíláàsì. Ọmọ kékeré kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, nǹkan kan ti kú síbí." Kò mọ̀ pé èmi ni. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n gbé tábìlì mi sún mọ́ fèrèsé, ó sì ń wo ibòmíràn bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ohun tí wọ́n kùn náà kò ṣiṣẹ́, wọ́n mú abẹ, wọ́n sín mi ní gbẹ́rẹ́ yí ọmú náà ká, wọ́n ra ẹ̀tù sí i. Gbẹ́rẹ́ yẹn kò jinná. Ó ń ṣe ọyún ni. Mo ń wo ara mi nínú dígí, ara mi ń bù mí máṣọ. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wa. Wọ́n á kúnlẹ̀ kí Màmá, "Ẹ kú ìtọ́jú, mà, Olúwa á jẹ́ kó mọ báyìí," ojú wọn á sì ti wà láyà mi. Wọ́n á ní, "Jẹ́ ká wò ó, Ìyá Tóyìn." Ọ̀kan fi etí gèlè bo imú, ó tún ń fi ọwọ́ kejì ṣí aṣọ mi kó lè rí i dáadáa. Ṣíọ̀! Kí ló dé tí ẹ ò fi dúró sílé yín? Kì í ṣe àánú ló gbé wọn wá, ìròyìn ni wọ́n wá kó.

Ọkọ mi lọ mú wòlíì kan wá láti ọ̀nà Òṣogbo. Wòlíì náà ní ẹ̀mí sọ pé òun gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ lé ibi tó ń dùn mí láìsí aṣọ, kí ọkọ mi sì wà níta kó máa lu agogo. Mo gbà, nítorí ẹni tí omi ń gbé lọ kò ní yan igi tí yóò dì mú. Ọwọ́ wòlíì kò pẹ́ lórí ọmú tó ń ṣàìsàn. Ó kọjá sí ti òsì, tí kò ní àìsàn kankan. Mo gbá ọwọ́ náà dànù, mo wọ aṣọ mi, mo jáde. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó dá agogo dúró, ó ní, "Bóyá ẹ̀mí ló ń darí rẹ̀." Mo bì síwájú rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àìsàn ló jẹ́ kí n bì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi nìkan wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn ní Òṣogbo. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìlà o. Ẹ máa tò gba káàdì, ẹ máa tò rí nọ́ọ̀sì, ẹ máa tò rí dókítà, tó bá sì kan yín, wọ́n lè ní kí ẹ lọ ra ìbọ̀wọ́ àti òwú wá láti ìta. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí mi fi kú. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra sún kúrò, mo rí i, n kò bá a wí. Bí mo bá lè sún kúrò lọ́dọ̀ ara mi, èmi náà ì bá ti sún.

Dókítà náà kò dàgbà jù mí lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó tú àkísà náà. Ó fi omi gbígbóná fọ dúdú yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, imú rẹ̀ kò sì yí padà. N kò ní gbàgbé ìyẹn. Ó ní, "Mà, ta ló fi nǹkan yìí kùn yín?" Mo ní àwọn tó fẹ́ràn mi ni. Ó gé díẹ̀ lára kókó náà lọ fún àyẹ̀wò, mo lọ, mo bọ̀, mo tún lọ, kí èsì tó jáde. Jẹjẹrẹ ni. Ó ní, "Ọmú yìí gbọ́dọ̀ kúrò. Tó bá kúrò báyìí, mo rò pé ẹ máa wà láàyè. Tí ẹ bá padà sídìí èédú, tí ẹ wá ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kò ní sí ohun tí n ó lè ṣe mọ́. Ẹ mú ọkọ yín wá kó wá fọwọ́ sí i." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nígbà náà nìyẹn. Ara mi ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ ni wọ́n fẹ́.

Ọkọ mi kò lè dá a ṣe. Ó ní ẹbí gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹbí tirẹ̀ pé jọ sí pálọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Sámúẹ́lì, náà wá láti Ìfọ́n. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tí dókítà wí. Màmá ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Ọmú tí àwọn ọmọ-ọmọ mi mu ni wọn yóò gé jù sínú garawa? Nínú ilé yìí kọ́. Tí n bá kú, kí ni n ó sọ fún bàbá wọn lọ́hùn-ún? Pé mo jẹ́ kí wọ́n kun ìyàwó wa bí ẹran?"

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí a ń pè ní Bọ̀dá Àgbà, mi orí. "Kí a tó máa sọ̀rọ̀ gígé, ibo ló ti kó o? Kò sí nǹkan tó ń ṣe é kó tó lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní Ìfọ́n. Àwọn èèyàn yẹn kò lè bá wa jà lójúkojú, wọ́n wá gba ara ìyàwó wa wọlé."

Bọ̀dá Sámúẹ́lì fò dìde. "Àwọn èèyàn wo? Àbí ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀mí àbúrò mi gbẹ̀san ilẹ̀ tí ẹ pàdánù? Kò sí ẹni tó lè ṣe irú èyí ju ará Ìlobù lọ!"

Ọ̀rọ̀ bá di ti ilẹ̀. Wọ́n ń dárúkọ odò, wọ́n ń dárúkọ igi àràbà tó jẹ́ ààlà, wọ́n ń sọ oko tí bàbá ta ló kọ́kọ́ ro. Èmi wà láàárín wọn, mo jókòó, mò ń rùn, wọ́n ń pín mi bí ilẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí pé, "Ìyá Tóyìn, kí ni ìwọ fẹ́?" Ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo wò ó, mo wo gbogbo wọn, mo sọ nínú ọkàn mi pé àwọn èèyàn yìí máa jẹ́ kí n jẹrà tán kí wọ́n tó mọ ẹni tó jàre. Ìríra tí mo ní sí wọn lọ́jọ́ yẹn ju èyí tí mo ní sí ọgbẹ́ mi lọ.

Bọ̀dá Sámúẹ́lì mú mi lọ sí Ìfọ́n, ó ní òun ń gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé ilé ìwòsàn ló máa mú mi lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n se ìkòkò àgbo tirẹ̀ dè mí. Mo gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àgbo Ìlobù, àgbo Ìfọ́n, òórùn kan náà! Àwọn tí kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ilẹ̀, wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe pa mí. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ́sàn-án gangan, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ ni Ìyá Abẹ́kẹ́ ti bá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣú rárá. Òun ló ń kọ́ àwọn ìyàwó ní ẹkún ìyàwó nínú agboolé wa. Òun ló kọ́ èmi náà nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Ẹni tó bá dàgbà lágbègbè wa mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, á da aṣọ borí, á máa kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi ohùn arò sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì kúnlẹ̀ fún gbọ́dọ̀ súre fún un kó tó dìde. Ẹni tí kò bá súre fún ìyàwó, bí ẹni tó gégùn-ún ni.

Ìyá Abẹ́kẹ́ ní, "Àdùnní, kí lò ń ṣe?"

Mo ní, "Ẹkún ni mò ń sun, mà."

"Ariwo lò ń pa. Ẹkún a máa ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí lo rí?"

Mo bá sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un: èédú, abẹ, eṣinṣin, wòlíì, igi àràbà. Ó gbọ́ ọ tán, kò ní pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Fi ohùn gbé e." Mo ní, "Ìyá, tíṣà ni mí, ọmọ ìjọ ni mí, ta ló tún ń sun ẹkún ìyàwó láyé ìsinsìnyí?" Ó pòṣé. "Tíṣà tó ń jẹrà, máa fi grámà bo imú."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, a ó máa to ọ̀rọ̀ ẹkún náà pọ̀. Bí mo bá fà á gùn jù, á ní, "Ẹkún ni, kì í ṣe ìwàásù." Bí mo bá fẹ́ ṣàánú ara mi, á ní, "Yọ ìyẹn kúrò. Ta lo fẹ́ kó ṣàánú rẹ? Sọ ohun tí wọ́n ṣe." Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ta ni ìyàwó nínú ẹkún yìí?" Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Ìwọ kọ́. Ìwọ ò lọ síbì kankan. Ọmú ni ìyàwó. Ikú ló wá fẹ́ ẹ. Ìwọ ni ìyá ìyàwó."

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbé mì bí àgbo láti oṣù mélòó, mo rí ibi tú u sí. N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìrora náà kò dín kù, ọgbẹ́ náà kò dẹ́kun rírùn, ṣùgbọ́n mo di ẹni tó ń fi wọ́n ṣe nǹkan. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹkún yìí, àwọn ló ń fi mí ṣe nǹkan.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí mo mọ̀ pé gbogbo wọn máa wà lọ́dọ̀ Màmá nílé wa, mo padà sí Ìlobù. Mo da aṣọ borí. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá níbi tó jókòó sí lórí àga, mo gbé ohùn sókè:

"Ẹ mú ojú kúrò lára ọgbẹ́, ẹ gbé e wá sẹ́nu mi.
Ọmọ kan ni mo fẹ́ sìn relé ọkọ lónìí,
Ọmú ọ̀tún lorúkọ ọmọ.
Ó bọ́ Tóyìn kí Tóyìn tó léyín,
Ó bọ́ Gbénga kí Gbénga tó mọ̀yá.
Ẹ wo ọ̀ṣọ́ tí ẹ ṣe fún ìyàwó:
Èédú lẹ fi lé e ní tìróò,
Òróòro lẹ fi pa á lára,
Abẹ lẹ fi kọ ọ́ nílà,
Eṣinṣin lẹ fi ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó.
Ọkọ rẹ̀ ti dé, ikú lorúkọ ọkọ,
Ó ti sanwó orí, kò ní gbowó padà.
Ó dáa, kọ́mọ ó máa lọ.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ relé ọkọ rí,
Ìyàwó a máa mú ìyá rẹ̀ dání bí?
Màmá, mo kúnlẹ̀, ẹ dá mi lóhùn:
Kọ́mọ ó dá lọ, kó má mú mi dání."

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, Bọ̀dá Àgbà gbá a létí. Màmá tètè mọ ohùn náà, nítorí òun náà ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti dárúkọ èédú, ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí mo sì ní kó dá mi lóhùn, ẹnu rẹ̀ ti ṣí kó tó rò ó. Bí gbogbo ìyá ṣe ń dá ìyàwó lóhùn ló ṣe dá mi lóhùn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń sunkún. Ó ní, "Yóò dá lọ! Kò ní mú ọ dání! Wàá dúró tì wá!"

Màmá gbọ́ ohun tó ti sọ, ó di ẹnu mú. Ó ní, "Kí ni mo wí yìí?"

Bọ̀dá Àgbà, òun náà fúnra rẹ̀, ló ní, "Màmá, ẹ ti súre. A kì í gba ìre padà lórí ẹni tó kúnlẹ̀."

Màmá bínú sí mi títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní mo fi ọgbọ́n mú òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi lọ sí Òṣogbo, ó sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n gé ọmú náà. Mo jí, mo wo àyà mi, ibẹ̀ tẹ́jú, wọ́n sì fi báńdéèjì wé mi pinpin. N kò ní sọ fún yín pé inú mi dùn. Ó dùn mí wọ egungun, n kò lè gbé apá ọ̀tún sókè láti fi ya irun mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí n bì títí tí n kò fi ní ohun tí n ó bì mọ́, irun mi sì re bọ́ sórí ìrọ̀rí. A ta ọ̀kadà ọkọ mi, a ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, owó oṣù tíṣà kò sì jáde déédéé. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò náni lówó. Owó tí a kó fún wòlíì àti àwọn aláàgbo ì bá ti gba apá kan níbẹ̀.

Nínú wọ́ọ̀dù, mo máa ń rọra sun ẹkún tuntun lábẹ́ ẹnu. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ọmọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, bi mí pé orin kí ni. Mo sọ fún un. Ó ní kí n bá òun ṣe tirẹ̀. Mo ní, "Kí lo rí?" Ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun ní kí òun má sunkún, pé àbíkú ni, wọ́n sì ti sin ín kí òun tó fojú kàn án. A to ẹkún rẹ̀ títí ó fi pé, ó sì sun ún fún ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà tó wá kí i. Ìyá náà kò dáhùn, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ẹkún kì í ṣe oògùn. Kì í ṣiṣẹ́ lórí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn sùn lọ́jọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá.

Nígbà tí mo padà sílé, pásítọ̀ wa ní kí n wá jẹ́rìí. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n má dárúkọ ọmú lórí pẹpẹ, kí n má sọ̀rọ̀ nípa ẹkún nítorí ó jọ ti kèfèrí, kí n kàn sọ pé àdúrà ló ṣe é. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Àwọn tó ní kí n ṣí ọmú fún wòlíì kò ní pẹpẹ lọ́kàn nígbà náà! Mo jẹ́rìí mi bó ṣe rí. Àwọn kan dìde jáde. Àwọn obìnrin kò jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dúró dè mí lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bá mi. Mo máa ń fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n bá ní kí n kàn, mo máa ń ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, kí a tó máa to ẹkún. Àwọn kan lọ. Àwọn kan ní ọkọ àwọn kò gbà, mo sì ti sin méjì nínú wọn. Ó ń kó mi nírìíra láti jókòó níbi ìsìnkú tí ẹnu gbogbo èèyàn ń sọ pé, "Olúwa ló fún ni, Olúwa ló gbà á." Olúwa kọ́ ló fi èédú kùn ún.

Ọkọ mi kò tíì lè wo ojú àpá náà tààrà. A wà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀ fún mi kí n tó jí, bóyá ẹkún tirẹ̀ nìyẹn, n kò mọ̀. Ìyá Abẹ́kẹ́ ti sùn nínú Olúwa.

Ní oṣù tó kọjá, mo rí kókó mìíràn lábẹ́ abíyá ọ̀tún. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé ẹ̀rù kò bà mí. Mo ronú nípa ìlà, nípa abẹ́rẹ́, nípa èébì yẹn, mo ní n kò lè tún un ṣe. Màmá ni mo bá nínú ilé láàárọ̀ náà, ó ń din àkàrà. Mo sọ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ de èédú. Ó sọ agbada epo kalẹ̀ kúrò lórí iná, ó nu ọwọ́, ó wọlé lọ wé gèlè. Ó jáde, ó ní, "Kí lò ń dúró wò? Wọn á ti máa pín nọ́ńbà."

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Màmá di ọwọ́ mi mú sórí itan rẹ̀. Èsì kò tíì jáde bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìyá arúgbó kan tó wà nínú ìlà kí wa, ó kí wa títí, ó bi Màmá pé ará ibo ni wá. Màmá ní ará Ìlobù ni òun. Obìnrin náà wá nawọ́ sí mi. Ó ní, "Eléyìí ńkọ́? Ọmọ Ìlobù ni àbí ti Ìfọ́n?"

Màmá pòṣé. Ó ní, "Ọmọ tó fẹ́ wà láàyè ni."